Ìtọ́jú ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ ní etíkun Ìlàjẹ

Ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ jẹ́ ẹ́ńjìnnì tí a ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi láti òde. Ó ní orí tí epo ti ń jó, ọ̀pá gígùn tí ó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, àti abẹ̀bẹ̀ onírin, ìyẹn pùròpẹ́là, tí ń ti ọkọ̀ síwájú. Ní etíkun Ìlàjẹ, ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, òun ni ó ń gbé apẹja lọ sí ojú òkun, òun náà ni ó sì ń gbé aláìsàn, ọmọ ilé-ìwé àti oníṣòwò láti àwọn abúlé etí òkun dé Igbókòdá, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn abúlé náà ni ọ̀nà mọ́tò kò dé. Nítorí èyí, ẹ́ńjìnnì tí ó kú lójú omi lè di ọ̀ràn ẹ̀mí.

Púpọ̀ nínú àìsàn tí ń pa ẹ́ńjìnnì lójú omi kì í ṣe ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ lójú omi. Iyọ̀ tí a kò fọ̀ kúrò, omi tí ó wọ inú epo, tàbí ọ́ìlì tí a kò pò dáadáa ni ó sábà máa ń fà á, èbúté sì ni ibi tí a ti lè dènà gbogbo wọn.

Ìtàn ní ṣókí

Ní ọdún 1881, Gustave Trouvé, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé ẹ̀rọ tí ń lo iná mànàmáná kọ́ ìdí ọkọ̀ kékeré kan, ó sì fi wa ọkọ̀ náà lórí odò Seine ní ìlú Paris. Ole Evinrude, tí a bí ní ilẹ̀ Norway tí ó sì dàgbà ní Amẹ́ríkà, ni ó sọ irú èyí tí ń lo bẹntiróòlù di ọjà tí gbogbo ènìyàn lè rà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ìlú Milwaukee ní ọdún 1909. Ilé-iṣẹ́ Yamaha ti ilẹ̀ Japan gbé ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ tirẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1960.

Láti àárín ọ̀rúndún ogún ni ẹ́ńjìnnì yìí ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àjẹ̀, ọ̀pá àti aṣọ ìgbòkun láàárín àwọn apẹja Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn Ìlàjẹ, tí wọ́n jẹ́ apẹja láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tètè gbà á. Ìlú Ayétòrò, tí àwùjọ ẹlẹ́sìn Kírísítì kan tẹ̀ dó sí etí òkun ní ọdún 1947, di olókìkí nítorí pé àwọn ará ibẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ọwọ́. Lónìí, òkun ti gba apá ńlá nínú ìlú náà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi ṣì ni ẹsẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń rìn.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Èyí tí ó wọ́pọ̀ ní etíkun náà ni ẹ́ńjìnnì onígbésẹ̀ méjì. Nínú rẹ̀, písítìnnì ń gòkè lẹ́ẹ̀kan, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, epo sì ń jó lẹ́ẹ̀kan nínú ìrìn méjì yẹn. Kò ní àpò ọ́ìlì tirẹ̀ bíi ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Inú epo tí yóò jó ni a ń po ọ́ìlì mọ́, ọ́ìlì yìí ni ó sì ń dáàbò bo písítìnnì àti àwọn bẹ́ríìnì nígbà tí epo bá ń kọjá. Irú ẹ́ńjìnnì yìí ń rú èéfín, ó sì ń jẹ epo púpọ̀. Nítorí òfin tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1996 lórí èéfín ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, irú èyí tí ń lo kábúrétọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lọ́jà níbẹ̀. Ní Áfíríkà, ó ṣì ń tà, nítorí pé ẹ̀yà ara rẹ̀ kò pọ̀, ó fúyẹ́, okùn ni a ń fà láti tan án láìlo bátìrì, sípánà díẹ̀ sì tó láti tú u.

Ohun mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì yìí kò lè ṣe láìní:

1. Epo tí ó mọ́, tí kábúrétọ̀ pò mọ́ afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n tí ó yẹ.
2. Iná tí ó tà lẹ́nu púlọ́ọ̀gì ní àkókò tí ó yẹ. Àwọn òòfà tí ó wà lábẹ́ àgbá òkè ni ó ń pèsè iná yìí bí àgbá náà ti ń yí.
3. Ìfúnpọ̀, ìyẹn agbára tí písítìnnì fi ń ti afẹ́fẹ́ àti epo mọ́lẹ̀ kí iná tó tà.
4. Omi tútù. Abẹ̀bẹ̀ rọ́bà kékeré kan nísàlẹ̀ ọ̀pá ń fa omi láti inú odò tàbí òkun, ó ń rán an gòkè yí sílíńdà ká, omi náà sì ń padà jáde. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń tú jáde ní tẹ́ẹ́rẹ́ láti ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ́ńjìnnì. Nínú àyọkà yìí, a ó máa pe èyí ní omi àmì, nítorí pé òun ni ó ń fi han awakọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń rí omi mu.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣàìsàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó sọnù, àyàfi bí àbùkù náà bá wà lára jíà tàbí pùròpẹ́là.

Ohun tí omi Ìlàjẹ ń ṣe sí ẹ́ńjìnnì

Omi etíkun Ìlàjẹ kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Omi òkun níyọ̀. Omi odò Olúwà, tí ó kọjá ní Igbókòdá, dùn. Èyí tí ó wà láàárín wọn ń yí padà bí òkun ti ń kún tí ó sì ń fà, àti bí òjò ti ń rọ̀ tàbí tí ọ̀gbẹlẹ̀ ń mú.

Iyọ̀ ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbígbóná bá dúró, omi tí ó kù nínú ihò ìtutù rẹ̀ yóò gbẹ, iyọ̀ yóò sì kù lẹ́yìn. Lójoojúmọ́, iyọ̀ náà ń nípọn sí i títí tí yóò fi dí ọ̀nà omi. Bákan náà ni ó ń jẹ àwọn irin. Níbi tí alumíníọ̀mù àti irin mìíràn bá ti fara kan ara wọn nínú omi iyọ̀, alumíníọ̀mù ni a ń jẹ. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe ẹ́ńjìnnì fi ń so ègé sínkì mọ́ ara rẹ̀. Omi yóò jẹ sínkì náà kí ó tó jẹ ẹ́ńjìnnì. Kò yẹ kí a fi ọ̀dà kun sínkì yìí, nítorí pé ọ̀dà kì í jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́. Bí ó bá ti tán dé ìdajì, a ń pààrọ̀ rẹ̀.

Iyanrìn àti ẹrẹ̀ ni ọ̀tá kejì. Bí ọkọ̀ bá ń gba ibi tí omi kò jìn, ẹ́ńjìnnì yóò fa ẹrẹ̀ mọ́ omi, ẹrẹ̀ náà yóò sì ha abẹ̀bẹ̀ rọ́bà inú rẹ̀ títí tí kò fi ní lè fa omi mọ́.

Ẹ̀kẹta ni ewéko tí ń léfòó, tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ elésè àlùkò, tí àwọn kan ń pè ní gbéborùn. Ọdún 1984 ni a kíyè sí i ní Nàìjíríà, nígbà tí ó gba odò Badagry wọlé láti ilẹ̀ Benin, ó sì tàn dé àwọn odò Ìlàjẹ láìpẹ́. Ó ń wé mọ́ pùròpẹ́là, ó sì ń dí ihò tí omi ń gbà wọlé.

Ìtọ́jú

Lẹ́yìn ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan

Iṣẹ́ tí ó ṣe pàtàkì jù ni fífi omi dídùn fọ inú ẹ́ńjìnnì. A ń gbé ìsàlẹ̀ ọ̀pá rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù tí omi rẹ̀ bo ihò ìfami, a ń tan án láìfi sí jíà, a sì ń jẹ́ kí ó rọra ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ó dára kí a kọ́kọ́ yọ pùròpẹ́là kí ó má baà ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. A kò gbọdọ̀ tan ẹ́ńjìnnì lórí ilẹ̀ láìsí omi rárá, ìbáà ṣe fún ìṣẹ́jú kan, nítorí pé omi gan-an ni ó ń jẹ́ kí abẹ̀bẹ̀ rọ́bà náà máa yọ̀. Bí kò bá sí omi, rọ́bà yóò jó.

Omi dídùn ṣọ̀wọ́n ní àwọn abúlé etí òkun. Omi òjò tí a gbè sínú dúrọ́ọ̀mù tó fún iṣẹ́ yìí, a sì lè lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ bí a kò bá tíì tọ́ iyọ̀ wò nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti òkun wọ inú odò olómi dídùn kí ó tó dúró, tí ó sì rìn níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ti ṣe apá kan nínú iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn èyí, a ń yọ ọ̀pá epo kúrò lára ẹ́ńjìnnì, a sì ń jẹ́ kí ó lo epo tí ó kù nínú kábúrétọ̀ tán. Epo tí ó pẹ́ níbẹ̀ ń di gọ́ọ̀mù, ó sì ń dí àwọn ihò kéékèèké. A ń dá ẹ́ńjìnnì dúró lóòró kí gbogbo omi inú rẹ̀ lè ṣàn jáde, a sì ń fi aṣọ tí a rẹ sínú omi dídùn nu ara rẹ̀.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀

A ń yọ púlọ́ọ̀gì wò. A ń tú asẹ́ epo, a ń fọ̀ ọ́. A ń fi gíríìsì sí gbogbo ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń yí tàbí tí ó ti ń ṣẹ́ po. A ń yẹ okùn tí a fi ń tan án wò bóyá ó ti ń já, a sì ń yẹ àwọn bóòtì tí ó dè é mọ́ ọkọ̀ wò, nítorí pé ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n wọ́n tú díẹ̀díẹ̀. Ó yẹ kí a fi okùn tàbí ṣéènì so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọkọ̀ pẹ̀lú, kí ó má baà sọnù bí bóòtì bá tú.

Ní gbogbo wákàtí 100 tàbí oṣù mẹ́fà

A ń pààrọ̀ ọ́ìlì jíà tí ó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá. Ihò ìsàlẹ̀ ni a ń ti ọ́ìlì tuntun wọlé, títí tí yóò fi yọ lójú ihò òkè, kí afẹ́fẹ́ má baà há sínú rẹ̀. Bí ọ́ìlì àtijọ́ bá jáde bíi wàrà, omi ti wọlé: rọ́bà ìdènà kan ti bàjẹ́, ó sì yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀ kí jíà tó dípẹtà. Àkókò yìí náà ni a ń tú abẹ̀bẹ̀ rọ́bà tí ń fa omi wò. Bí apá rẹ̀ bá ti tẹ̀ tí kò tọ́ mọ́, tàbí bí ó bá ti là, a ń fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Pípo ọ́ìlì mọ́ epo

Fún púpọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì onígbésẹ̀ méjì òde òní, ìwọ̀n kan ọ́ìlì sí ìwọ̀n 50 bẹntiróòlù ni a ń lò. Èyí túmọ̀ sí pé:

- lítà 5 epo ń gba mìlílítà 100 ọ́ìlì;
- lítà 10 epo ń gba mìlílítà 200;
- lítà 25 epo, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì kan, ń gba mìlílítà 500, ìdajì lítà;
- lítà 50 epo ń gba lítà kan.

Ẹ́ńjìnnì tuntun ń fẹ́ ìlọ́po méjì, ìyẹn lítà kan sí kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ní àwọn wákàtí àkọ́kọ́ tí a bá fi ń lò ó. Ìwé tí ó bá ẹ́ńjìnnì wá ni ó ń sọ ìwọ̀n tí ó tọ́ fún un. Ọ́ìlì tí a kọ TC-W3 sí lára ni a ṣe fún ẹ́ńjìnnì tí omi ń mú tutù. Ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò lè rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ó ń fi èérú sílẹ̀ lórí písítìnnì àti púlọ́ọ̀gì.

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí owó lítà kan fi kúrò ní abẹ́ 200 náírà tí ó sì di nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìnáwó awakọ̀ ojú omi ti wúwo gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dín ọ́ìlì kù láti fi owó pamọ́ yóò san án padà, nítorí pé písítìnnì tí kò rí ọ́ìlì yóò há mọ́ ara sílíńdà. Ọ́ìlì àpọ̀jù náà kò dára. Ó ń rú èéfín, ó sì ń sọ púlọ́ọ̀gì di dúdú.

Láti mọ̀ bóyá omi wà nínú epo, a ń bu díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò funfun, a sì ń jẹ́ kí ó silẹ̀. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ. Bí ó bá wà níbẹ̀, yóò dá dúró nísàlẹ̀, ìlà kan yóò sì hàn láàárín àwọn méjèèjì.

Wíwá ìdí àìsàn ẹ́ńjìnnì

Ọ̀nà tí ó dára ni kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ó rọrùn jù, kí a má sì yí ohun méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá jí lẹ́yìn tí a ti yí ohun méjì padà, a kò ní mọ èyí tí ó fa àìsàn náà, yóò sì tún padà wá.

Kò jí rárá. A kọ́kọ́ ń wò bóyá okùn ààbò tí awakọ̀ ń so mọ́ ọwọ́ wà ní ipò rẹ̀, nítorí pé bí ó bá ti yọ, iná kò ní tà. Lẹ́yìn náà, a ń wò bóyá ẹ́ńjìnnì wà láìsí nínú jíà, bóyá ìdérí afẹ́fẹ́ orí táǹkì ṣí, àti bóyá bọ́ọ̀lù rọ́bà tí ó wà lójú ọ̀pá epo le lẹ́yìn tí a ti tẹ̀ ẹ́. Bí bọ́ọ̀lù náà kò bá le, epo kò dé, tàbí afẹ́fẹ́ ń wọlé níbìkan. Bí epo bá dé, a ń yọ púlọ́ọ̀gì. Bí ó bá tutù fún epo, epo ti pọ̀ jù nínú sílíńdà. A ń nu púlọ́ọ̀gì, a ń fa okùn ní ìgbà mélòó kan láti lé epo náà jáde, a sì ń tún un ṣe láìfa ṣóòkì. Bí ó bá gbẹ, ọ̀nà epo ni ó dí. Láti mọ̀ bóyá iná wà, a ń fi púlọ́ọ̀gì sí ẹnu wáyà rẹ̀, a ń fi ara onírin rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì, a sì ń fa okùn. Iná aláwọ̀ búlúù yẹ kí ó tà. A kì í ṣe èyí níbi tí epo ti dà sílẹ̀ tàbí tí òórùn epo ti pọ̀.

Ó jí, ó sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìdérí afẹ́fẹ́ orí táǹkì ni a ń kọ́kọ́ fura sí. Bí afẹ́fẹ́ kò bá wọ inú táǹkì, epo kò ní lè jáde, ara táǹkì náà á sì máa wọnú. Bí èyí kọ́, omi ni ó wà nínú epo, tàbí kí asẹ́ ti dí.

Omi àmì kò tú jáde. A gbọ́dọ̀ pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A ń gbé ọ̀pá sókè, a ń wò bóyá ewéko tàbí ọ̀rá wé mọ́ ihò ìfami. Lẹ́yìn náà, a ń fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gún ihò omi àmì, nítorí pé iyọ̀ tàbí iyanrìn lè dí ihò náà nìkan. Bí méjèèjì bá mọ́ tí omi kò sì tú, abẹ̀bẹ̀ rọ́bà ti bàjẹ́, ẹ́ńjìnnì náà kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ títí a ó fi pààrọ̀ rẹ̀.

Ó ń dún gidigidi, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò lọ. Àbùkù wà lára pùròpẹ́là. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké, pín-ìnnì kan wà tí a ṣe láti kán bí pùròpẹ́là bá kọ lu igi tàbí òkúta, kí jíà má baà fọ́. Nínú àwọn tí ó tóbi, rọ́bà inú pùròpẹ́là ni ó ń yọ̀. Bí ó bá jẹ́ rọ́bà, ọkọ̀ lè rọra rìn dé ilé bí a kò bá fún un ní epo púpọ̀.

Kò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí sílíńdà bá ju ẹyọ kan lọ, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ti kú. Púlọ́ọ̀gì tí ó tutù nígbà tí èkejì gbẹ ni ó ń fi èyí hàn. Bí okùn bá rọrùn láti fà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ìfúnpọ̀ ti dín kù, àwọn òrùka písítìnnì sì ti jẹ. Iṣẹ́ mẹkáníìkì nìyẹn.

Àwọ̀ púlọ́ọ̀gì ń sọ̀rọ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pupa dára. Dúdú tí ó ní ọ̀rá túmọ̀ sí pé ọ́ìlì pọ̀ tàbí pé a fi ṣóòkì sílẹ̀ jù. Funfun tí ó ti jó túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì ń gbóná jù, tàbí pé epo kò tó.

Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lójú òkun

Kí a tó fọwọ́ kan sípánà, ìdákọ̀ró ni a ń kọ́kọ́ jù sómi láti iwájú ọkọ̀. Ní etíkun yìí, ìṣàn omi òkun Guinea ń gbé nǹkan lọ sí ìlà-oòrùn, afẹ́fẹ́ láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn sì ń ti ọkọ̀ sí ibi tí ìgbì ti ń fọ́ ní etí òkun. Ọkọ̀ tí ó bá fi ẹ̀gbẹ́ kọ ìgbì lè dojú dé. Ìdákọ̀ró iwájú ni ó ń jẹ́ kí imú ọkọ̀ kọjú sí ìgbì, kí awakọ̀ sì rí àyè ronú.

Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú ọkọ̀ nígbà gbogbo ni: jákẹ́ẹ̀tì agbẹ̀mílà fún olúkúlùkù, ìdákọ̀ró àti okùn gígùn, àjẹ̀ méjì, púlọ́ọ̀gì àti pín-ìnnì tí a kò tíì lò, okùn ìtanná mìíràn, sípánà púlọ́ọ̀gì, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, tọ́ọ̀ṣì, omi mímu, àti fóònù tí a wé sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀. Ó tún ṣe pàtàkì kí ẹnìkan ní èbúté mọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ àti àkókò tí ó yẹ kí ó padà.

Ẹ́ńjìnnì tí ó rì sómi

Kì í ṣe inú omi nìkan ni ẹ́ńjìnnì tí ó rì ti ń bàjẹ́. Ó ń bàjẹ́ gidigidi lẹ́yìn tí a bá yọ ọ́, nígbà tí iyọ̀ àti afẹ́fẹ́ bá jọ pàdé lára irin. Bí kò bá ní sí ẹni tí yóò tú u lójú ẹsẹ̀, ó sàn kí a rì í sínú dúrọ́ọ̀mù omi dídùn títí mẹkáníìkì yóò fi dé, ju kí a sá a sí oòrùn lọ.

Bí a bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, a ń fi omi dídùn fọ gbogbo ara rẹ̀, a ń yọ púlọ́ọ̀gì, a sì ń dojú ihò púlọ́ọ̀gì kọ ilẹ̀. A ń rọra fa okùn kí omi inú rẹ̀ tú jáde. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ó rì, tí okùn sì há, a kò gbọdọ̀ fi agbára fà á, nítorí pé omi lè ti tẹ ọ̀pá inú rẹ̀. Lẹ́yìn tí omi bá tán, a ń da ọ́ìlì díẹ̀ sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, a ń da epo àtijọ́ nù, a ń fọ kábúrétọ̀, a ń gbẹ àwọn wáyà, a sì ń fi púlọ́ọ̀gì gbígbẹ sí i. Bí ó bá jí, a ń jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ nínú omi dídùn fún ìdajì wákàtí, ó kéré tán, kí ooru rẹ̀ lè lé omi tí ó kù jáde. Lẹ́yìn náà, a ń pààrọ̀ ọ́ìlì jíà rẹ̀.